Etí Ni Ó Fi Ra Kámẹ́rà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1995, ọmọkùnrin kan dúró síwájú gíláàsì ilé ìtajà kan ní Plateau, nílùú Abidjan, ó ń wo kámẹ́rà fídíò. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ó ti sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Bí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ń ṣe nítòsí Boulevard de la République, kì í gba ọ̀nà èbúté lọ tààrà láti wọ ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e sọdá sí Treichville. Yóò kọ́kọ́ yà síbẹ̀, yóò wò títí, lẹ́yìn náà ni yóò tó mí kanlẹ̀, tí yóò máa lọ. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti mọ̀ ọ́n débi pé kì í lé e mọ́. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni.

Ẹni tí ó bá mọ Plateau yóò mọ̀ pé àdúgbò náà kì í ṣe ti ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́. Ibẹ̀ ni ààfin ààrẹ wà, ibẹ̀ ni àwọn báńkì ńláńlá kóra jọ sí, ibẹ̀ ni ilé gogoro tí wọ́n ń pè ní La Pyramide wà, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1973. Ibẹ̀ náà ni Kàtídírà Saint-Paul wà, tí Póòpù John Paul Kejì wá yà sí mímọ́ lọ́dún 1985. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti gba orí afárá sọdá ọ̀sà Ébrié, Treichville ni ó dé yẹn, ayé mìíràn pátápátá. Àwọn agbo ilé kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ara wọn láàárọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń bára wọn jà lálẹ́. Àwọn ọmọ Ẹjìgbò ni wọ́n gbajúmọ̀ jù nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ẹdẹ àti Ìwó náà sì wà níbẹ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pe gbogbo wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá ni wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, débi pé ẹni tí ó bá mú owó séfà jáde lọ́jà Ẹjìgbò, kò sí ẹni tí yóò wò ó bí àlejò.

Ìyá bàbá ọmọkùnrin yìí wà lára àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ti dé Abidjan kí wọ́n tó ṣí afárá Houphouët-Boigny lọ́dún 1957, láyé ìgbà tí ó jẹ́ pé orí afárá tí ó ń léfòó lójú omi ni àwọn ènìyàn ń gbà lọ sí Plateau. Àwọn òyìnbó ni wọ́n ni Plateau nígbà náà. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ìyá náà máa ń rù lọ bá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀yìnkùlé ni ó sì máa ń gbà wọlé. Àwọn méje ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan náà láti Ẹjìgbò. Nígbà tí ọdún 1995 bẹ̀rẹ̀, ó ku mẹ́ta nínú wọn. Kí ó tó di ìgbà òjò, ó ku méjì. Níbi ìsìnkú ẹni tí ó lọ yẹn ni ọmọkùnrin náà ti gbọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń sọ pé, "Gbogbo ohun tí a jọ fojú rí lọ́nà, èmi nìkan ni ó kù tí mo mọ̀ ọ́n. Èkejì mi kò rántí nǹkan mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí ó sùn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Fíìmù tí ó ní lọ́kàn kì í ṣe eré oníṣe, kì í sì í ṣe fídíò ìgbéyàwó. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní dọkumẹ́ńtárì ni: kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí jókòó, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí àwọn tí ń wò ó sì rí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ó rò pé ohun tí ó kù kò ju kámẹ́rà lọ.

Láti ọdún 1992 ni ó ti ń dá èsúsú nítorí rẹ̀. Owó náà ti ń sún mọ́ iye tí ó ń wá nígbà tí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń ná séfà pé jọ sí Dakar, wọ́n sì kéde pé iye owó náà ti dín sí ìdajì. Àádọ́ta séfà tí ó ń jẹ́ owó Faransé kan tẹ́lẹ̀ di ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí wọ́n ń tà ní 5,000 ní owó Faransé, tí ó jẹ́ 250,000 séfà lánàá, ó di 500,000 lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan kún un. Àwọn tí ń ta kòkó rí i bí àánú. Àwọn tí ń ra ohun tí ó ti òkè òkun wá, orí ni wọ́n fi ọwọ́ lé. Ọdún kan àbọ̀ ni ọmọkùnrin yìí tún fi dá èsúsú láti padà síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nínú ọdún kan àbọ̀ yẹn ni ẹnì kan kú nínú àwọn mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí ó wá wọlé sí ilé ìtajà náà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ọkùnrin tí ń tajà níbẹ̀ fi ọ̀yàyà gbà á. Ó gbé kámẹ́rà ńlá kan sílẹ̀, irú èyí tí à ń gbé lé èjìká. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá gbé èyí jáde, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ni ẹ ń ṣe, ẹ ò ṣeré." Ó ní kásẹ́ẹ̀tì VHS gan-an ni ó ń lò, èyí tí ó wà nílé tajá tẹran, bí ẹ bá ti ká nǹkan tán, ẹ óò yọ ọ́, ẹ óò kì í bọ ẹ̀rọ fídíò, ó parí. Ó ní bọ́tìnì kan wà lára rẹ̀ tí ń fa ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn súnmọ́ ni ní ìlọ́po méjìlá. Ó lè kọ orúkọ àti déètì sójú àwòrán. Ó tilẹ̀ lè sọ àwòrán di dúdú òun funfun, bí ẹni pé fíìmù ayé àtijọ́ ni.

Èyí tí ó sọ kẹ́yìn yẹn ni ó yẹ kí ó ta ọmọkùnrin náà lólobó.

Láyé ìgbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ayé ń gbà fi àwọ̀ sínú àwòrán tẹlifíṣàn. Àwọn Faransé ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní SECAM, wọ́n sì gbé e lé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣàkóso rí lọ́wọ́, Côte d'Ivoire pẹ̀lú. Nàìjíríà ń lo PAL. Amẹ́ríkà ń lo NTSC. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tí wọ́n bá fi kámẹ́rà SECAM ká ní Treichville, bí ó bá dé Ẹjìgbò, tí wọ́n kì í bọ ẹ̀rọ PAL tí ó wà nílé àwọn ará ibẹ̀, àwòrán yóò jáde, ohùn yóò jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò ní í bá wọn dé. Gbogbo àlàárì àti aró tí ìyá àgbà bá fi ṣẹ̀ṣọ́ fún kámẹ́rà yóò di eérú. Fídíò ìgbéyàwó bíi mélòó kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ dé ilé bàbá ọmọkùnrin náà rí, tí àwọn ẹbí ń bú ẹni tí ó ká a pé kámẹ́rà tí ó ti bàjẹ́ ni ó gbé wá sóde. Kámẹ́rà kò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé èdè tí ó ń sọ ni àwọn ẹ̀rọ Ẹjìgbò kò gbọ́.

Ìbéèrè tí ó dìde sí i nìyẹn, tí kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan: ta ni yóò wo fíìmù náà? Bí ó bá jẹ́ àwọn ará Treichville ni, SECAM kò burú. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ nílé ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àti àwọn ọmọ wọn, PAL ni yóò wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó wà ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà pé kí ó má wulẹ̀ fowó ṣòfò, òun yóò fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n NTSC ni, èyí tí kò ní í bá tẹlifíṣàn Abidjan mu, tí kò sì ní í bá ti Ẹjìgbò mu. Ó ṣòro láti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ẹni pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò wúlò. Ó kọ ọ́ ṣá, ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkíni sí i níwájú àti lẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ bàbá ayàwòrán kan ní Treichville ni ó gbà lọ níkẹyìn. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Yorùbá ni bàbá náà. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fọ́tò káàkiri àwọn ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú ọ̀rúndún tí ó kọjá. Onímọ̀ ìtàn kan tí ń jẹ́ Érika Nimis ti kọ odidi ìwé lé wọn lórí, èyí tí ó jáde lọ́dún 2005. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ń fọ fọ́tò aláwọ̀ ní wéré wọ̀lú, yàrá òkùnkùn àwọn bàbá wọ̀nyí dá páropáro. Ẹni tí kò fẹ́ kí ebi pa òun nínú wọn, fídíò òde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni ó gbà mú.

Bàbá náà kò bi í léèrè iye tí ó ní. Ó ní, "Ta lo fẹ́ẹ́ fi kámẹ́rà yìí ká?"

"Ìyá àgbà ni, bàbá."

"Ṣé ìyá àgbà fẹ́ẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Rárá o, bàbá. Wọn yóò jókòó ni, wọn yóò máa sọ̀rọ̀."

"Kí wá lo fẹ́ẹ́ fi ìlọ́po méjìlá ṣe? Ohùn wọn ńkọ́? Ṣé ó ṣì ròkè?"

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ohùn ìyá àgbà kò ròkè mọ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ pípẹ́, ńṣe ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i, tí ènìyàn yóò ní láti fi orí sún mọ́ ọn.

Bàbá náà ní, "Ojú lo fẹ́ẹ́ lọ rà. Etí ni kò sí nínú ohun tí o kọ sílẹ̀." Ó fa kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó kan yọ, ó fi hàn án. Àwòrán náà dára. Bàbá ìyàwó dìde, ó ń súre fún ọmọ rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ amúnáwá àti ti àwo tí wọ́n ń kó ni ènìyàn ń gbọ́. Bàbá náà ní ọkùnrin yẹn ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá bẹ òun pé kí òun bá wọn yọ ariwo yẹn kúrò kí àwọn lè gbọ́ ohun tí bàbá àwọn sọ. Kò ṣeé yọ.

Ìtàn kan wà tí ó ti ọ̀rọ̀ bàbá yìí lẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni Treichville ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1957 ni Jean Rouch, ọmọ Faransé, ká fíìmù tí wọ́n ń pè ní Moi, un Noir níbẹ̀, nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti Niger wá ṣe iṣẹ́ alágbára ní Abidjan. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí Rouch ní, ọjà àlòkù ní Paris ni ó ti rà á lọ́dún 1946, Bell & Howell kékeré kan ni. Wíwé ni wọ́n máa ń wé e bí aago, kì í sì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ kí ó tó dúró. Nígbà ìrìn àjò rẹ̀ lórí odò Ọya, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń gbé e lé bá omi lọ, ó sì di dandan kí ó máa fọwọ́ gbé kámẹ́rà. Ọwọ́ tí ó fi gbé e yẹn ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ẹ ò rí nǹkan! Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ká ní Treichville kò ní ohùn nínú. Nígbà tí wọ́n ká a tán, Rouch ní kí Oumarou Ganda, ọmọ Niamey tí ó ti jagun fún Faransé ní Indochina kí ó tó wá di alágbàṣe ní Abidjan, wo àwòrán ara rẹ̀ kí ó sì sọ ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí Ganda sọ yẹn ni ẹ̀mí fíìmù náà. Ó gba ẹ̀bùn Louis Delluc ní Faransé lọ́dún 1958. Ganda fúnra rẹ̀ wá di ẹni tí ń ṣe fíìmù. Òun ni ó gba ẹ̀bùn ńlá FESPACO ní Ouagadougou nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn, lọ́dún 1972.

Ọ̀dọ́ ni Ganda nígbà náà. Ó lè jókòó síwájú àwòrán kí ó fi ohùn sí i lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Ta ni yóò ní kí ìyá tí ó ti darúgbó wá tún ẹkún tí ó sun lánàá sun?

Nígbà tí ọmọkùnrin náà máa padà sí Plateau, ó mú ohun èlò àfibọtí rédíò kékeré rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan, èyí tí à ń fi há àyà aṣọ, lọ́wọ́ bàbá ayàwòrán. Ó bẹ olùtajà pé kí ó jẹ́ kí òun dán kámẹ́rà wò lẹ́nu ọ̀nà. Olùtajà náà lọ́ tìkọ̀, ó gbà. Ẹni tí yóò fi dán an wò ni kò rí, àfi ẹ̀ṣọ́. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ náà dúró sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọmọ Burkina ni ẹ̀ṣọ́ náà. Abúlé rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ìyá rẹ̀, àti iye ọdún tí kò tíì fojú kan án.

Kámẹ́rà ńlá kò ní ihò tí wọ́n lè ki ohun àfibọtí sí, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ohun tí ó ń gbọ́ àyàfi tí ó bá ká a tán. Wọ́n yí i padà, wọ́n gbọ́ ọ: bọ́ọ̀sì ìjọba ń kọjá, fèrè ń dún, ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń fa àwòrán súnmọ́ ni sì ń ké bí ẹ̀fọn. Ẹ̀ṣọ́ ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Wọ́n wá gbé èkejì wá láti inú àpótí ẹ̀yìn, Hi8 kékeré kan tí ẹnì kan ti lò díẹ̀, PAL ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Ó ní ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún gbohùngbohùn, ọ̀kan fún etí. Wọ́n há gbohùngbohùn sáyà ẹ̀ṣọ́. Ọmọkùnrin náà fi nǹkan bọ etí. Ó gbọ́ tí ẹ̀ṣọ́ gbé itọ́ mì kí ó tó dárúkọ ìyá rẹ̀.

Olùtajà náà ṣì ń sọ ti kámẹ́rà ńlá nígbà tí ó ń ka owó fún un. Lóòótọ́, àwòrán Hi8 mọ́lẹ̀ ju ti VHS lọ: bí VHS bá lè tò nǹkan bí ìlà 240 sójú tẹlifíṣàn, Hi8 lè tò tó 400. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ó rà. Kámẹ́rà tí ó tún mọ́ ju ìyẹn lọ wà. Betacam tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń lò wà, lówó ẹni tí ó lè kọ́lé. Lọ́dún 1995 yẹn kan náà ni Sony gbé kámẹ́rà tuntun tí wọ́n ń pè ní VX1000 jáde, tí ń fi nọ́ńbà kọ àwòrán sórí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ju ìka mélòó kan lọ. Ẹni tí ó bá dúró de owó ìyẹn ìbá bá ìyá méjì ní itẹ́ òkú.

Ó pín owó rẹ̀ sí méjì. Kámẹ́rà kò gbà ju ìdajì lọ. Ìdajì kejì ni ó fi ra gbohùngbohùn tirẹ̀, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 90 mẹ́fà, àti bátìrì kejì àti ìkẹta, nítorí bátìrì tí ó bá kámẹ́rà wá kì í tó wákàtí kan tí ó fi ń kú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kò gbọ́n. Wọ́n ní ìdajì owó ni ó fi ra okùn àti igi.

Ìpayà tún dé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbé kámẹ́rà jáde láti inú òtútù ẹ̀rọ amúlétutù bọ́ sínú oòrùn Plateau, ó rìn dé etí ọ̀sà, ó ní kí òun fi ká afárá. Kámẹ́rà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ já. Ó ti rò ó dé ibi tí yóò ti máa bá olùtajà fa aṣọ ya kí ó tó rántí sáré gba Treichville lọ. Bàbá ayàwòrán wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ìrì ni. Bí ohun tutù bá bọ́ sínú ooru tí ó lómi nínú, ìrì yóò sẹ̀ sí i lára, bí ó ṣe ń sẹ̀ sí ara ìgò ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Kámẹ́rà tí ó bá gbọ́n yóò dá iṣẹ́ dúró kí kásẹ́ẹ̀tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Wọ́n ṣí i kalẹ̀ fún wákàtí kan. Ó jí.

Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ẹ́ ká ìyá àgbà, ó pa fáànù. Ó yọ wáyà fíríìjì, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sínú fíríìjì náà kí ó má baà gbàgbé láti tàn án padà kí ó tó lọ, ọgbọ́n bàbá ayàwòrán ni ìyẹn náà. Ó fún àwọn ọmọdé lówó kí wọ́n lọ ra àtíèkè ní òpin àdúgbò. Ìyá àgbà ti wé gèlè, ó ti jókòó. Nígbà tí wọ́n há gbohùngbohùn sí i láyà, ó wò ó, ó ní, "Ṣé eléyìí ni yóò máa gbọ́ mi ni, àbí ìwọ?"

Ó ní, "Àwa méjèèjì ni, màmá."

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ni ó sọ̀rọ̀ kún. Ó sọ bí wọ́n ṣe gba Dahomey àti Togo kọjá, bí wọ́n ṣe sùn ní ibùdókọ̀ ní Akra fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí owó tán, àti ọmọ tí ẹnì kan nínú wọn bí lójú ọ̀nà tí wọ́n sì sin sójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọ́ èyí rí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ọmọkùnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kò gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Inú ohun àfibọtí ni ó ti gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú un lọ sí Plateau. Kámẹ́rà kékeré wúlò lọ́jọ́ yẹn, nítorí ní àdúgbò tí ààfin ààrẹ wà, ẹni tí ó bá gbé ohun ńlá lé èjìká, ìbéèrè ni yóò máa dáhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá àgbà dúró sí ẹ̀bá òpópónà, ó ń wo àwọn ilé gogoro, ó ń wá ibi tí afárá tí ó ń léfòó ti máa ń dé sí. Kò rí i. Ó wá nàka sí ẹnu ọ̀nà báńkì kan tí ó ń dán, ó ní, "Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé níhìn-ín." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun di òun lọ́wọ́ mú, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó jókòó sínú òtútù báńkì náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì jáde. Kámẹ́rà kò bá a wọlé. Ọmọkùnrin náà fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lórí igi rẹ̀, ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ṣì wà láyà ìyá àgbà, pẹ̀lú okùn gígùn, ohun tí ó sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún lórí mábù.

Ìyá àgbà kú lọ́dún 1998. Èkejì rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjà lẹ́yìn ìbò ọdún 2010 di ogun, tí ìbọn ń dún ní Plateau ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún 2011, ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹjìgbò ni ó kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì gba ilé lọ. Ọmọkùnrin yìí, tí ó ti di bàbá ọlọ́mọ, wà lára wọn. Ó fi tẹlifíṣàn sílẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wà nínú báàgì tí ó gbé lé itan láti Abidjan dé Ẹjìgbò.

Lónìí, fóònù tí wọ́n ń tà lọ́jà Adjamé ń ká àwòrán tí ó mọ́ ju ti Betacam lọ, kò sì sí ẹni tí ń bi ni léèrè PAL tàbí SECAM mọ́. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ṣì ń bo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ bí ti àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rà á nítorí ojú rẹ̀ nìkan. Kámẹ́rà Hi8 náà ti kú tipẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó rí ẹ̀rọ mìíràn tí ó lè lo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó lè dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀rinrin ọ̀sà ti ṣe é: kásẹ́ẹ̀tì kan ti hu bí búrẹ́dì tí ó pẹ́. Nínú èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, àwòrán ń já, ó ń ṣe bí òjò, ojú ìyá àgbà a yọ, a sì pa rẹ́. Níbì kan, gbogbo ojú tẹlifíṣàn di búlúù pátá.

Ohùn kò dúró. Ìyá àgbà ń ka orúkọ àwọn méje tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ akẹ́rù, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì wọn àti agbo ilé tí wọ́n ti wá. Àwọn ẹbí kún yàrá ní Ẹjìgbò, wọ́n ń wo ojú tẹlifíṣàn tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí kò mọ ìyá náà rí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n bá òun yí i sókè díẹ̀.